Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Péré: Ìdílé Kan ní Ìlọrin àti Abẹ́rẹ́ HPV

Fọ́ọ̀mù ojú-ìwé kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ló mú un dé láti ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó ká a sí mẹ́rin sínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀: àyè fún orúkọ òbí, àyè fún ìfọwọ́sí, àti ìlà kan tó sọ pé wọn yóò gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ tó ń ná Ìlọrin sí Òmù-Àrán, kà á, ó ní kí ni HPV. Ọmọ ní tíṣà sọ pé ó ń dènà jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ibo? Ọmọ dákẹ́. Tíṣà ti sọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti dárúkọ rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Bàbá dá fọ́ọ̀mù padà sínú ìwé, kò fọwọ́ sí i.

Gàá Àkànbí ni ìdílé náà ń gbé. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá. Ọmọ Ọ̀fà ni ìyá, Ọjà Tuntun ló ti ń ta èlùbọ́. Obìnrin ni ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 16, èkejì 14, àbíkẹ́yìn 10. Ọmọbìnrin láti ọdún 9 dé 14 ni ètò ìjọba gbà. Èyí já sí pé ètò ti ré àkọ́bí kọjá kó tó dé Kwara rárá. Àbíkẹ́yìn ṣì ní àyè bí ẹni tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ fún. Èkejì, tí fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀, máa pé ọdún 15 lẹ́yìn Iléyá ní ọjọ́ méjì, Iléyá sì ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó dín díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni òbí méjèèjì fi jiyàn bóyá abẹ́rẹ́ náà dára àbí kò dára, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tó wo ọjọ́ ìbí.

Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ọ̀dọ̀ wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Australia bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin wọn ní 2007, Malaysia ní 2010, Rwanda ní 2011. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023 ní ìpínlẹ̀ 15 pẹ̀lú Abuja; Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó wà lára wọn. Ìpele kejì ló kan Kwara, ní oṣù Karùn-ún 2024. Mílíọ̀nù 7.7 ọmọbìnrin ni wọ́n fojú sùn jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìdí rẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ń mú obìnrin bíi 12,000 ní Nàìjíríà, ó sì ń pa bíi 8,000 nínú wọn. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ pátá, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló wà nídìí rẹ̀. Harald zur Hausen, dókítà ọmọ Jámánì, ló tú àṣírí yẹn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2008.

Oríṣi HPV lé ní 200. Bíi 14 nínú wọn ló lè sọ ara di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n oríṣi méjì, 16 àti 18, ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Gardasil, abẹ́rẹ́ HPV tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, ń dènà méjèèjì, ó sì tún ń dènà oríṣi 6 àti 11 tó máa ń hu bí wọ́n-wọ́n lójú ara. Ìfarakanra ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń gbà ràn. Rọ́bà ìdáàbòbò ń dín in kù ni, kò lè dí i pátá, torí awọ ara sí awọ ara ló ń bá rìn. Púpọ̀ jù nínú àwọn tó kó o, ara wọn á lé e dànù láàárín ọdún kan sí méjì láìmọ̀ pé ó wọlé. Èyí tó bá jókòó ni wàhálà: ó lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Bí obìnrin bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, tó wá dé ilé ìwòsàn lẹ́ni ọdún 45, ta ni yóò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 25?

Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ orí 9 sí 14 fi ṣe pàtàkì. Abẹ́rẹ́ yìí kì í wo ẹni tí HPV ti wọ ara rẹ̀ sàn. Ẹ̀ṣọ́ ni, a kì í gba ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí olè ti jáde. Ara ọmọ kékeré sì máa ń dá a lóhùn ju ti àgbàlagbà lọ, èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún un. Ní 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé ẹ̀ẹ̀kan lè tó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kenya wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò: àwọn ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún 15 sí 20 gba ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn oṣù 18 ó ti dènà ìdá 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún àkóràn 16 àti 18 tó máa ń jókòó sára. Ẹni tó ní kòkòrò HIV lára ni kò bá wọn lọ níbẹ̀: ó yẹ kó gba méjì ó kéré tán, mẹ́ta ló dára jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì mìíràn dákú nílé-ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ti gún un tán, ó ti kúrò lórí ìlà, ó fara ti ògiri, ó sì yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi la ojú. Wọ́n fún un lómi àti bisikíìtì, ó sì padà sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ọmọ méjì ti kú lẹ́nu àwọn ará Ọjà Tuntun. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti di mẹ́rin. Ìyá ọmọ wa gbọ́ ọ nídìí igbá èlùbọ́, ó fi ọjà sílẹ̀ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ó bá ọmọ tirẹ̀ tó ń gbá kíláàsì. Wọn kò gún un, torí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ní ìfọwọ́sí. Ìyá náà sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ bàbá wọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń gún ọ̀dọ́ lábẹ́rẹ́ mọ ìdákú yẹn dáadáa. Ẹ̀rù máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé orí tó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, onítọ̀hún á ṣubú. Abẹ́rẹ́ èyíkéyìí lè fà á. Kódà ẹni tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó léwu níbẹ̀ ni kí orí gbá sí sìmẹ́ǹtì. Wo bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà: aago mẹ́jọ ni àwọn ọmọ ti tò nínú oòrùn, ọ̀pọ̀ kò jẹun kó tó kúrò nílé, ẹni tó wà lẹ́yìn ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ apá ẹni iwájú, ìdúró sì ni wọ́n ń gún wọn. Ìlànà rẹ̀ ni kí ọmọ jókòó kí wọ́n tó gún un, kó sì jókòó sójú kan náà fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ǹṣì méjì ì bá ti pa ìròyìn ikú mẹ́rin.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí fọ́ọ̀mù, tó wá di ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀rù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọn kò sì jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ń sọ gbólóhùn kan náà: "A ò ṣe."

Ti ìyá wá láti inú fóònù. Ohùn ọkùnrin kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Kò sọ orúkọ, ó ní dókítà lòun, ó ní abẹ́rẹ́ náà máa ń dí ilé ọmọ. Ìyá náà kì í ṣe ẹni tí ń gba ohun gbogbo gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè tó lágbára ju ohùn yẹn lọ. Kí ló dé tó jẹ́ obìnrin nìkan? Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé Panadol lásán, wọ́n á ní kó lọ rà á níta? Ìbéèrè kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fi ẹ̀rín lé kúrò, àṣìṣe ńlá sì ni. Obìnrin tí wọ́n ti dá padà nílé ìwòsàn torí owó ìbọ̀wọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó bèèrè ohun tó sọ ìjọba di ọ̀làwọ́ lọ́sàn-án kan.

Ti bàbá, ìtàn ni. Ó ti gbé Kano rí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́tò, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1996, nígbà tí ilé-iṣẹ́ oògùn kan láti Amẹ́ríkà dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé tí àrùn yírùnyírùn ń bá jà, tí ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. Ó tún rántí 2003 tí Kano ní àwọn ò gba àjẹsára rọpárọsẹ̀ mọ́. "Àwọn tó ní kí a má gbà á nígbà yẹn," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "wọn kì í ṣe wèrè."

Ti àfáà ilé-kéwú ni ẹ̀kẹta, òun ló sì mú bàbá dúró gírígírí. Àfáà ní àrùn ìbálòpọ̀ ni wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ń dènà; ọmọ ọdún 10 wo ló ń ṣe ìbálòpọ̀? Bí a bá gún un, a ti sọ fún un pé kó máa lọ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù dé ni bàbá fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ wọn. Kò lọ torí ọ̀rọ̀ yìí. Ibà ń ṣe àbíkẹ́yìn, ìyá wà lọ́jà, ló bá gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ń dúró de èsì àyẹ̀wò ibà, nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó àjẹsára bèèrè ọjọ́ orí ọmọ náà. Bàbá ti mọ ibi tó ń lọ, ó sì dá a dúró níbẹ̀.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Ọmọ tèmi ni. Ìwé lẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kò bi mí."

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ó yẹ ká bi yín. Ẹ jókòó, ẹ bi mí ní ohun gbogbo tó wà nínú yín."

A fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dúró díẹ̀ lórí èsì yẹn. Kò sọ pé ìjọba ló pàṣẹ, kò sì sọ pé àìmọ̀wé ló ń da bàbá láàmú. Ó gbà pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà lọ, bàbá ò jà mọ́, ìbéèrè ló ń bi.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kano. Nọ́ọ̀sì kò jiyàn pé kò ṣẹlẹ̀. Ó ní oògùn yẹn kì í ṣe àjẹsára, oògùn tí wọ́n ń dán wò lára ọmọ tó ti ń ṣàìsàn ni; èyí tó wà níwájú wọn yìí, ó ti tó ọdún 18 tí ayé ti ń gún un. Ní ti rọpárọsẹ̀, ìgbà tí Kano kọ àjẹsára náà, àrùn ọ̀hún tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì di 2020 kí wọ́n tó kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Bàbá ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn wo ló ti gbà á tí wọ́n sì ti dàgbà? Ìbéèrè tó dára ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n máa ń kọ sára pósítà nìyí. Àwọn ọmọ Rwanda tó gbà á ní 2011 ti di ìyá ọlọ́mọ. Ní Sweden, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2020 fi hàn pé àwọn tó gbà á kí wọ́n tó pé ọdún 17, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn sí àwọn tí kò gbà á. Ní Scotland, wọ́n wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó gbà á pé lọ́mọ ọdún 12 sí 13, wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tí jẹjẹrẹ náà mú.

Ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí náà jáde. Àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣọ́ ewu àjẹsára yẹ̀ ẹ́ wò ní 2017, lẹ́yìn tí wọ́n ti pín lé ní mílíọ̀nù 270 abẹ́rẹ́ náà káàkiri ayé, wọn kò rí ohunkóhun tó so ó mọ́ àìrọ́mọbí. Ohun tí ń gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin ni jẹjẹrẹ náà gan-an. Bó bá ti jìn, yíyọ ilé ọmọ tàbí fífi ìtànṣán jó o ni ìtọ́jú rẹ̀. Kí ló wà nínú ìgò? Kò sí kòkòrò alààyè níbẹ̀. Wọ́n fi yíìsì, irú èyí tí wọ́n fi ń wú búrẹ́dì, pèsè ohun tó dà bí èèpo ẹ̀yìn HPV láìsí nǹkan nínú rẹ̀, bí èèpo ẹ̀pà tí kò lọ́mọ. Ara á rí èèpo yẹn, á kọ́ bó ṣe máa bá a jà. Ìyókù ni èròjà aluminium tó ń jí ara, iyọ̀, histidine, polysorbate 80, borate àti omi. Bàbá bèèrè nípa ẹlẹ́dẹ̀, torí ó mọ̀ pé àfáà máa bèèrè. Gelatin, tó jẹ́ ohun tí àwọn Mùsùlùmí sábà ń ṣọ́ nínú oògùn, kò sí nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Mùsùlùmí sì ni Malaysia tó ti ń gún un fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti 2010.

Ìyá kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Obìnrin nìkan, torí obìnrin ló ní ẹnu ilé ọmọ, owó kò sì tó gbogbo ènìyàn; Australia àti England ti ń fún ọkùnrin náà. Ọ̀fẹ́, torí Gavi, àjọ àgbáyé tó ń bá àwọn orílẹ̀-èdè ra àjẹsára, àti ìjọba ló ń san án. Ní ti Panadol, nọ́ọ̀sì ní ìyá náà jàre.

Lẹ́yìn náà ló sí kúlà. Ó yọ ọ̀kan nínú àwọn ike yìnyín, ó mì í létí bàbá: omi ń dún nínú rẹ̀. Ó ní bí kò bá dún, òun kò ní kó o sínú kúlà, torí yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú firísà lè mú kí oògùn dì, Gardasil tó bá sì ti dì ti bàjẹ́, kódà bó bá yọ́ padà. Láàárín 2°C sí 8°C ló gbọ́dọ̀ wà. Ó mú ìgò kan, kékeré bí orí àtàǹpàkò, 0.5 ml ló wà nínú rẹ̀, ti ẹnì kan ṣoṣo. Lára rẹ̀ ni àmì róbótó kan tó ní igun mẹ́rin nínú wà. Igun mẹ́rin yẹn funfun ju róbótó tó yí i ká lọ. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, inú á dúdú tó ìta tàbí jù ú lọ, wọ́n á sọ ọ́ nù. Bàbá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i, ó wò ó pẹ́. Mọ́tò ló ń wà. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń ka géèjì ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì bi í pé àwọn obìnrin mélòó ló kù nílé, àti ọjọ́ wo ni wọ́n bí wọn. Bàbá kà á jáde. Nígbà tó dé orí èkejì, nọ́ọ̀sì gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà: ọjọ́ 12 ló kù. Bó bá ti pé 15, ètò ọ̀fẹ́ ti ré e kọjá bó ṣe ré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó yé bàbá pé ìdúró náà, ìpinnu ni.

Ṣùgbọ́n kò gbà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àfáà ló gbà lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun àti ìyá àwọn ọmọ. Ohun tó bá àfáà sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Ó ní: ọmọ mi lè gbé ìwà rẹ̀ dé ilé ọkọ láìsí àbùkù, ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ ńkọ́? Ta ló mọ ibi tí ọkọ ti kọjá, tàbí ẹni tí ìyáálé ti fẹ́ rí kó tó wọlé? HPV lè wà lára ọkùnrin láìṣe é ní nǹkankan, kó sì bá nìkáà wọ ilé. Àfáà rò ó díẹ̀. Ó bèèrè nípa gelatin, bàbá sì ní èsì. Ó wá ní bó bá jẹ́ ìdáàbòbò ni, òun kò ní ohun tí òun fẹ́ sọ sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ fún ọmọ bí ẹni ń fún un láyè. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà àti ibòmíràn kò rí i pé abẹ́rẹ́ náà ń mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀, bàbá kò sì mọ ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò nílò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Jímọ̀, kí wọ́n tó lọ kírun, ìyá mú èkejì lọ. Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Ọmọ ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà nílé. Ìyá ti sọ fún un kó wọ bùbá alápá kúkúrú sábẹ́ híjáàbù, kó má bàa di pé wọ́n ń ká apá aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tó fún mọ́ apá títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró. Nọ́ọ̀sì fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà. Ó bi í bóyá oògùn kan tàbí yíìsì ti fẹ́ pa á rí, bóyá ibà líle wà lára rẹ̀. Ó tún bi í ní ohùn jẹ́jẹ́, nígbà tí ìyá ti jáde díẹ̀, bóyá oyún lè wà, torí wọn kì í gún aláboyún, wọ́n á ní kó bímọ ná. Ó mì ìgò náà títí omi inú rẹ̀ fi di funfun bí omi ọ̀gì tó ṣàn dáadáa. Síríńjì tí wọ́n lò, ọ̀kan tí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì ni: bí wọ́n bá ti tì í dé ìsàlẹ̀, ó ti há nìyẹn. Ó gún un sí iṣan apá òkè lọ́wọ́ òsì, abẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán. Kò dé e lórí padà, ó jù ú sínú páálí abẹ́rẹ́ bó ṣe wà. Adrenaline wà lórí tábìlì, nítorí ìfèsì líle tó lè dí ọ̀nà èémí. Kì í tó 2 nínú mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń dé. Ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú 15, ó ń wo fóònù ìyá rẹ̀.

Apá dùn ún ní alẹ́, ó wú díẹ̀, ó sì ní orí ń fọ́ òun. Aṣọ tútù àti paracetamol kan ni wọ́n fún un. Ìyá àgbà fẹ́ fi ọ̀rí gbígbóná ra á, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀: a kì í ra ojú abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta kò rántí apá mọ́.

Wọn kò gún àbíkẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ikọ́ tàbí kátá díẹ̀ kò ní dá a dúró, ṣùgbọ́n ibà rẹ̀ ti lé ní 39°C. Bí wọ́n bá gún un nínú ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó jẹ́ ti ibà àti èyí tó jẹ́ ti abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Iléyá ló gbà á. Òun kò ní ọjọ́ kankan tó ń lé e.

Káàdì méjèèjì wà nínú báàgì ìwé ọkọ̀ bàbá, pẹ̀lú lísẹ́ńsì. Lára ti èkejì, wọ́n kọ́kọ́ ṣi ọdún ìbí kọ, wọ́n kọ 2010. Ìyá rí i kó tó kúrò nílẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ yìí, káàdì yẹn ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó máa ní bó bá di ìyàwó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù.

Ìyá fúnra rẹ̀, ẹni ọdún 41, kò ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ rí. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé láti ọdún 30 ló ti yẹ: wọ́n á fi omi kíkan bíi fínígà kan ẹnu ilé ọmọ, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú kan, ibi tó bá ti ń yí padà á funfun. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún èyí ṣe. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò HPV gan-an ni, ó lè tó ọdún 5 sí 10. Abẹ́rẹ́ kò rọ́pò àyẹ̀wò yìí fún ọmọ rẹ̀ náà bó bá dàgbà, torí oríṣi HPV mìíràn wà tí Gardasil yìí kò kà mọ́ tirẹ̀. Ó dá ọjọ́ mẹ́ta, ọjà gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àkọ́bí ló kù. Lẹ́ni ọdún 16, ó ní láti rà á ní ilé ìwòsàn aládàáni. Ọ̀kan ní Ìlọrin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló máa gbà, ní oṣù 0, 2 àti 6, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé àtijọ́ tó wà nínú páálí ṣe sọ fún ẹni tó bá ti lé ní 14. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó fún ẹni tí kò tíì pé 21, bí ara rẹ̀ bá le. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi ìyẹn bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí firíjì náà: ṣé tẹmómítà wà nínú rẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ mọ́jú, ọjọ́ wo ni ìgò máa kú. Firíjì tí wọ́n ti ń kó omi tútù jáde fún àwọn aláìsàn, ibẹ̀ kọ́. Iye tí wọ́n pè fún ẹyọ kan ju èrè èlùbọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ìyá ti dá àjọ sí i. Oṣù Kẹsàn-án ló máa kàn án.